Tẹ́ḿpìlì Inú Òkun ní Waterloo

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1845 ni ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ sí erékùṣù Tírínídáádì, tí ó kó àwọn ará Íńdíà àkọ́kọ́ wá sí oko ìrèké tí àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira ti ń fi sílẹ̀. Kí ètò kíkó àwọn òṣìṣẹ́ wá yìí sì tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1917, iye àwọn tí ó dé ti lé ní 140,000. Iṣẹ́ àṣelàágùn kò gba ìsìn àwọn baba wọn lọ́wọ́ wọn.

Inú agbo yìí ni Siewdass Sadhu ti dìde, òṣìṣẹ́ oko ìrèké, tí ó kọ́ tẹ́ḿpìlì Híńdù kan sí etí òkun ní Waterloo ní ọdún 1947. Àṣé ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ṣúgà ni. Wọ́n wó tẹ́ḿpìlì náà lulẹ̀, wọ́n sì ju Sadhu sẹ́wọ̀n ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: bí ilẹ̀ bá ní olúwa, ta ni ó ni òkun, alágbalúgbú omi? Nígbàkígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, Sadhu a ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba inú ẹrẹ̀ lọ, tòun ti òkúta, iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, a da kankéré sínú àgbá, a sì tò wọ́n ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe, ọdún gorí ọdún, títí ó fi di arúgbó, tí ó sì kú, tí ìgbì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìjọba tún tẹ́ḿpìlì náà kọ́ fún àyájọ́ 150 ọdún ìgúnlẹ̀ àwọn ará Íńdíà, ní 1995, wọ́n sì la ọ̀nà dé ibẹ̀ láti èbúté. Lónìí, olùsìn a bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, a gbé òdòdó àti èso síwájú àwọn òrìṣà, a sì sun tùràrí. Àsíá wà lórí oparun létí omi, pupa ni ti òrìṣà Hanuman. Nítòsí ni wọ́n ti ń sun òkú, tí eérú a sì bá òkun lọ. Bí ọdún Díwálì bá dé, fìtílà amọ̀ a kún ilé àwọn olùsìn nítorí Lakshmi, ìyá ọlà.

Erékùṣù yìí kan náà ni àwọn ọmọ ìran Yorùbá ti ń bọ Ṣàngó àti Ògún títí di òní. Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà sí Waterloo kí ẹ tó padà.