Asẹ́ alágolo fún táǹkì ẹja inú ilé ní Kòsọ́fẹ́

Asẹ́ alágolo ni asẹ́ omi tí kì í bá ẹja gbé inú táǹkì. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé táǹkì lé. Agolo oníke ńlá tí a dé pa ni, ọ̀pá rọ́bà méjì ló so ó mọ́ táǹkì. Omi á gba ti àkọ́kọ́ ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, á la fóòmù àti òkúta inú agolo kọjá, pọ́ǹpù orí agolo á sì tì í padà sókè gba rọ́bà kejì. Canister filter ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ilé-iṣẹ́ Eheim ti Jámánì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Lónìí, ti Ṣáínà bíi Sunsun ló sábà máa ń dínwó jù. Ní Kétu, Ìkòsì, Máìlì 12 àti gbogbo agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á béèrè kó tó béèrè owó ni bí asẹ́ náà ṣe máa ń ṣe bí iná bá lọ, àti bí iná bá dé padà.

Ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tí asẹ́ ń ṣe. Èyí tí ojú ń rí ni kíkó ìdọ̀tí: ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, ewé tó jẹrà. Èyí tí ojú kò rí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹja ń tú amóníà sínú omi, amóníà yìí ló sì ń pa á bó bá pọ̀. Bakitéríà tó ń gbé lára fóòmù àti òkúta asẹ́ ló ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn á tún sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sì lè dín kù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Sergei Winogradsky, ló ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn bakitéríà yìí ní nǹkan bí ọdún 1890. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó nínú asẹ́ tuntun. Ẹni tó ra asẹ́ lónìí, tó da ogún ẹja sínú táǹkì lọ́la, ẹ̀mí ẹja ló fi ń ṣeré.

Àwọn bakitéríà yìí ń mí. Ọ́síjìn inú omi tó ń ṣàn ni wọ́n ń lò. Bí iná bá lọ, omi inú agolo á dúró gbári, agolo tí a dé pa kò sì ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọ́síjìn á tán, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìdọ̀tí á máa jẹrà. Ooru Èkó tún ń dá kún un: omi tó wà ní 28°C kì í gba ju nǹkan bí mílígíráàmù 8 ọ́síjìn lọ nínú lítà kan, nígbà tí omi 20°C ń gba nǹkan bí 9. Bí iná bá wá dé lóru tí asẹ́ gbéra fúnra rẹ̀, gbogbo omi burúkú inú agolo yẹn ló máa dà sórí ẹja. Ẹni tó jí bá ẹja tó léfòó lówùúrọ̀ lè rò pé àìsàn ló dé. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ pẹ́, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a da omi inú agolo nù, kí a sì ṣí i sílẹ̀ kí fóòmù tó tutù máa rí afẹ́fẹ́.

Ikeja Electric ló ń pín iná ní Kòsọ́fẹ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìpele tirẹ̀. Lábẹ́ ètò tí NERC, àjọ tó ń rí sí iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé kalẹ̀, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ló yẹ kí Band A rí, B 16, C 12, D 8, E 4. Ará Band A lè ra asẹ́ alágolo kó fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó wà ní D tàbí E, tí kò ní ínfátà tàbí sólà, kó fi owó rẹ̀ pamọ́ ná, kó lo asẹ́ fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ń bá ṣiṣẹ́. Ta ni yóò tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú nítorí ẹja, àgàgà látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní May 2023?

Wáàtì ni kí a wò lẹ́yìn èyí. Eheim Classic 2213 ń jẹ wáàtì 8, ó sì ń ti omi lítà 440 ní wákàtí kan. Sunsun HW-302 ń jẹ wáàtì 18, ó ń ti lítà 1,000. Bí méjèèjì bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru fún ọgbọ̀n ọjọ́, ti àkọ́kọ́ á jẹ yúníìtì 5.76, èkejì á jẹ 12.96. Ní náírà 225 fún yúníìtì kan, tí wọ́n gbé owó Band A sí ní April 2024, ìyẹn jẹ́ ₦1,296 àti ₦2,916 lóṣù. Òótọ́ ni pé Sunsun ń ti omi tó ju ìlọ́po méjì lọ. Fún táǹkì ńlá, òun ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí táǹkì rẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń sanwó iná tí kò nílò, bátìrì ínfátà rẹ̀ á sì tètè rẹ̀ ẹ́. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò dán geere máa ń mú kí pọ́ǹpù kùn kó sì gbóná.

Láti mọ ìwọ̀n tó yẹ, kí a fi tépù wọn gígùn, ìbú àti gíga táǹkì ní ẹsẹ̀ bàtà, kí a sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí a tún sọ èsì di ìlọ́po 28. Táǹkì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó fẹ̀ ní 1.5, tó ga ní 1.5, ń gba nǹkan bí lítà 252. Kí asẹ́ máa yí omi náà po ní ìgbà mẹ́rin ó kéré tán láàárín wákàtí kan. Iye tí wọ́n kọ sára páálí, agolo òfìfo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Bí fóòmù bá kún inú rẹ̀, kí a yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò. Táǹkì kékeré onílítà 56, asẹ́ fóòmù ti tó o.

Omi bóòhóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé ní Kòsọ́fẹ́ ń lò. Irin inú omi ilẹ̀ Èkó máa ń pọ́n bó bá kan afẹ́fẹ́, á sì di ẹrẹ̀ lára fóòmù, nítorí náà kí a jẹ́ kó silẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù kí a tó bù ú sí táǹkì. Omi náà sábà máa ń kan, bí pH rẹ̀ bá sì lọ sí ìsàlẹ̀ 6, bakitéríà á máa fà. Ẹ̀kúnwọ́ ìkarahun ìgbín tàbí ìṣáwùrú tí a fọ̀ mọ́, tí a kó sínú agolo, á gbé e sókè. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń sin ẹja krib, Pelvicachromis pulcher, ọmọ bíbí odò gúúsù Nàìjíríà, má fi púpọ̀ sí i. Omi rírọ̀ tó kan díẹ̀ ló bá a lára mu.

Kò pọn dandan kí a ra òkúta sẹ̀rámíìkì olówó gọbọi. Àpáàdì ìkòkò amọ̀ tí a kò kùn lọ́dà, tí a fọ́ wẹ́wẹ́, ní ihò kéékèèké tí bakitéríà lè gbé. Èédú ìdáná kò lè ṣe iṣẹ́ èédú asẹ́, kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ á sì jẹrà. Omi táǹkì ni kí a fi ṣan fóòmù, láìlo ọṣẹ.

Kí ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ ka ara ẹ̀rọ dáadáa: ti Amẹ́ríkà ń lo fóòtì 110 sí 120, tiwa jẹ́ 230. Kó béèrè bóyá òrùka rọ́bà àti abẹ̀bẹ̀ pọ́ǹpù wà fún títà lọ́tọ̀. Òrùka tó gbẹ ló ń mú agolo jò, asẹ́ tí kò ní ohun èlò ìpààrọ̀ á sì di pàǹtírí láàárín ọdún díẹ̀.

Ní Ajégúnlẹ̀-Ìkòsì àti Òwòdè Onírin, Odò Ògùn máa ń kún dé inú ilé, pàápàá bí wọ́n bá tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, bó ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2010. Asẹ́ tó wà nílẹ̀ ni omi á kọ́kọ́ bá. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lókè lára ògiri, kí wáyà sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè dé ibẹ̀, kí omi tó bá ń kán lára rẹ̀ má bàa ṣàn wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Asẹ́ tó ní tápù ìdènà lára rọ́bà méjèèjì ló yẹ ará ibẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú kan ti tó láti yọ púlọ́ọ̀gì, ti tápù, já agolo kúrò, kó sì gbé e gun orí tábìlì.