Agolo Síìmù Màámi

Òwú pupa ni ti Gánà, aláwọ̀ ewé ni ti Nàìjíríà, dúdú ni ti Tógò, funfun ni ti Benin. Màámi kò mọ̀wé, ni mo ṣe fi bébà wé síìmù wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo fi òwú dì wọ́n, tí mo sì kó wọn sínú agolo Robb tó ti tán. Agolo yẹn ń bẹ ní etí ìró wọn bí wọ́n bá ń ti Krofrom ní Kumasi lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta.

Ìlú tuntun ni Krofrom túmọ̀ sí lédè Twi. Alata ni àwọn onílé ń pe àwa Yorùbá. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é.

Kí fóònù tó dé, dẹ́rẹ́bà ni fóònù wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọge ni Màámi nígbà náà. Bàbá wọn fi lẹ́tà rán dẹ́rẹ́bà kan sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, pé àwọn ń bọ̀. Àwọn fúnra wọn ló dé kí lẹ́tà tó dé! Ọdún 1976 ni Màámi tó padà sí Kumasi.

Gánà ti ní fóònù alágbèéká láti 1992, nígbà tí ilé iṣẹ́ Mobitel bẹ̀rẹ̀. Ti Nàìjíríà tó ń lo GSM di oṣù kẹjọ ọdún 2001. Láàárín méjèèjì, bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ní fóònù ní Krofrom, ta ni yóò pè l'Ógbómọ̀ṣọ́?

Nígbà tí ti Nàìjíríà náà wá dé tán, owó ìpè le. Ni a bá fi fíláàṣì, ìpè tí à ń gé kí a tó gbé e, ṣe àmì: ẹ̀ẹ̀kan, Màámi ti kọjá Aflao bọ́ sí Tógò; ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ti kọjá Hillacondji bọ́ sí Benin, níbi tí aago ti ń fi wákàtí kan sáré síwájú; ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ti la Sèmè já wọ Nàìjíríà. Kọ́bọ̀ kan kì í jáde lápò. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí agolo, tí wọ́n ń bẹ ọmọkùnrin kan kó bá wọn pààrọ̀ síìmù.

Atẹ́gùn ò mọ ẹnubodè. Lómè fara kan Aflao, o lè dúró ní Lómè kí fóònù rẹ ṣì máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Gánà. Ibi tó ti ń dunni ni kí o wà ní Aflao, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tógò gbá fóònù rẹ mú láìsọ fún ọ. Wọ́n ti fi ìyẹn, tí wọ́n ń pè ní róómíǹgì, jẹ gbogbo káàdì mi rí. Ilé iṣẹ́ tí o yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ń díye lé ilé iṣẹ́ tìrẹ, tìrẹ náà á bù lé e kó tó kàn ọ́.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ní 2006, ilé iṣẹ́ fóònù Celtel yọ owó róómíǹgì yẹn kúrò láàárín Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tàǹsáníà. Tiwa ńkọ́? Ní 2010 ni Gánà ní kí ìpè tó ń ti òkè òkun wọlé má dín ní sẹ́ǹtì 19 owó Amẹ́ríkà níṣẹ̀ẹ́jú kan, sẹ́ǹtì 6 níbẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba. Òkè òkun wo ni Ògbómọ̀ṣọ́? Nígbà náà, àwọn ará ilé á fíláàṣì wa, àwa là ń pè padà. Ó di 2017 kí ECOWAS tó fọwọ́ sí òfin tó ń dín owó róómíǹgì kù.

Ìforúkọsílẹ̀ ló wá ba agolo jẹ́. Nàìjíríà ní kí a so síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, Gánà ní kí a so ó mọ́ káàdì ìdánimọ̀ Ghana Card. Síìmù tí à ń rà bí ẹ̀pà ní ẹnubodè ti di ohun tí à ń tò fún.

WhatsApp ni Màámi ń lò báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́. Mo pè wọ́n padà, mo ní, "Màámi, ọ̀fẹ́ mà ni." Wọ́n ní àwọn mọ̀.