Joseph Arch: Alágbàṣe oko tó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ alágbàṣe oko ni kò ní ilé tirẹ̀ tí yóò padà sí. Inú ilé ọlọ́ko ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni ilé náà bọ́. Alágbàṣe bíi tiwọn ni Joseph Arch, àmọ́ ìdílé rẹ̀ ní ilé kékeré kan tó jẹ́ ti ara wọn. Ilé yìí wà lára ohun tó fún un láyà láti ṣe ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù.

Ìbí àti àwọn òbí rẹ̀

Ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1826 ni wọ́n bí i ní abúlé Barford, ní agbègbè Warwickshire. Olùṣọ́-àgùntàn àti alágbàṣe ni John, bàbá rẹ̀. Hannah, ìyá rẹ̀, a máa gba aṣọ fọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn ọlọ́ko gbé ìwé kan kiri pé kí àwọn alágbàṣe fọwọ́ sí i, láti fi ti òfin tó ń sọ búrẹ́dì di ọ̀wọ́n lẹ́yìn. John kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Fún ọ̀sẹ̀ 18 gbáko, kò sí ọlọ́ko kankan tó fún un níṣẹ́. Owó aṣọ tí Hannah ń fọ̀ ni wọ́n fi ra búrẹ́dì ọkà báálì tí wọ́n ń jẹ.

Ọmọ ọdún méje ni Joseph nígbà tó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó rí i pé àwọn onílẹ̀ ló kọ́kọ́ gba oúnjẹ Olúwa, àwọn ọlọ́ko tẹ̀ lé wọn, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni bàbá rẹ̀ àti àwọn alágbàṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kúnlẹ̀. Ohun tó rí yìí dùn ún títí ọjọ́ alẹ́. Nígbà tó dàgbà, ọ̀dọ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló lọ, ó sì di oníwàásù láàrin wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ àti aya rẹ̀

Kò lò tó ọdún mẹ́ta nílé ìwé. Ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹyẹ lóko, wákàtí 12 lójúmọ́, fún kọ́bọ̀ mẹ́rin. Kọ́bọ̀ 12 ló sì ń jẹ́ ṣílè kan nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ó ń tẹ̀ lé ẹṣin tó ń fa ohun ìtúlẹ̀. Ó tún kọ́ bí a ti ń gé ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó yí oko ká, ó sì mọ iṣẹ́ náà débi pé ó gbégbá orókè nínú ìdíje.

Ní ọdún 1847, ó gbé Mary Anne Mills níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ méje. Nígbà tí ọmọ di méjì, ṣílè mẹ́sàn-án ni owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ẹnu mẹ́rin ló sì ń jẹ níbẹ̀. Ó di dandan kó máa lọ gba iṣẹ́ ọgbà gígé lọ́nà jíjìn, kí aya rẹ̀ sì máa dá tọ́ àwọn ọmọ. Nínú ìrìn àjò yìí ló ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ìyà kan náà ló ń jẹ àwọn alágbàṣe níbi gbogbo.

Ìyà náà kan bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí John dùbúlẹ̀ àìsàn, Mary Anne ní láti fi iṣẹ́ tó ń mówó wọlé sílẹ̀ kó lè máa tọ́jú rẹ̀. Joseph bẹ àwọn alábòójútó aláìní àdúgbò pé kí wọ́n fi ṣílè kan àti ààbọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ́sẹ̀. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní kó gbé bàbá náà wá sí ilé àwọn òtòṣì. Joseph kò gbà. Inú ilé tirẹ̀ ni arúgbó náà kú sí.

Abẹ́ igi ní Wellesbourne

Ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 1872, àwọn alágbàṣe láti Wellesbourne wá bá a nílé pé kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ènìyàn mélòó kan ni wọ́n ń retí. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1898, àwọn tó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Wọ́n fi àtùpà kọ́ orí ọ̀pá, ó gun àpótí tí wọ́n fi ń pa ẹlẹ́dẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi ńlá kan. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ṣílè 16 lọ́sẹ̀.

Àwọn ọlọ́ko lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì lé àwọn mìíràn jáde nílé. Wọn kò lè lé Arch, torí kò sí ọlọ́ko tó ni ilé tó ń gbé. Lóṣù karùn-ún ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn alágbàṣe oko di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, òun sì ni ààrẹ. Ní ọdún 1874, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti lé ní 86,000. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́ko apá ìlà oòrùn ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ náwó títí àpò fi gbẹ, agbára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Nílé Aṣòfin

Òfin ọdún 1884 fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìgbèríko ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ohun tí Arch ti ń jà fún tipẹ́. Ní ọdún 1885, wọ́n dìbò yàn án láti ṣojú àríwá-ìwọ̀ oòrùn Norfolk. Òun ni alágbàṣe oko àkọ́kọ́ tó wọ ilé náà. Agbègbè tó ń ṣojú fún ni Sandringham wà, níbi tí àrẹ̀mọ ọba ní ilé sí, ìyẹn ẹni tó padà di Ọba Edward Keje. Arch pàdánù ipò náà ní 1886, ó padà wọlé ní 1892, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1900.

Mary Anne kú ní ọdún 1894. Ẹgbẹ́ tí Arch dá sílẹ̀ túká ní ọdún 1896. Ọdún 1899 ló fẹ́ Miriam Blomfield. Ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 1919 ni òun náà dágbére fáyé ní Barford, ó sì ti pé ẹni ọdún 92. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò rẹ̀, ilé kékeré tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un náà ló padà sinmi sí.