Jíà Kan Ṣoṣo: Ìtàn Kẹ̀kẹ́ Òkè Tí Ó Padà Síbi Tí Ó Ti Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí Ẹ̀ka wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ohun èlò kan, mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo yàn. Kì í sì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè àti ọ̀nà igbó, tí ẹni tí ó ni ín wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àwọn jíà rẹ̀ kúrò títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ó ta ko àṣà kan tí ó ti wọ àwa òpìtàn lẹ́wù. A máa ń kọ ìtàn ẹ̀rọ bí ẹni ń gun àkàsọ̀: èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ó ga jù, èyí tí ó ṣáájú ti di àpatì. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí kò tẹ̀ lé àkàsọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí jíà ń ṣe. Irin eléyín kan wà níbi pẹ́dà, òmíràn wà ní ààrin táyà ẹ̀yìn, ṣéènì sì so wọ́n pọ̀. Bí ti iwájú bá ní eyín 32, tí ti ẹ̀yìn sì ní 16, bí a bá yí pẹ́dà po lẹ́ẹ̀kan, táyà yóò yí po lẹ́ẹ̀mejì. Lórí táyà oní-íǹṣì 26, èyí jẹ́ nǹkan bí mítà 4 ilẹ̀. Bí eyín ẹ̀yìn bá pọ̀ sí i, ilẹ̀ tí a ó rìn yóò dín kù, ṣùgbọ́n òkè yóò rọrùn. Bí ó bá dín kù, eré yóò pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè yóò sì di ogun. Jíà púpọ̀ kò fi kún agbára ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹni náà yan bí yóò ṣe ná ìwọ̀nba èyí tí ó ní.

Kẹ̀kẹ́ Rover tí John Kemp Starley gbé jáde ní Coventry ní ọdún 1885, èyí tí ó jẹ́ baba ńlá fún kẹ̀kẹ́ òde òní, jíà kan ni ó ní. Ní ọdún 1903, jíà mẹ́ta ti Sturmey-Archer, tí ó fara pamọ́ sí ààrin táyà ẹ̀yìn, ti dé ọjà láti Nottingham. Ẹnikẹ́ni lè rò pé ìjà ti parí níbẹ̀. Kò parí. Ní ọdún 1903 yìí kan náà ni Henri Desgrange dá eré kẹ̀kẹ́ Tour de France sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, kò sì fẹ́ kí ìlò jíà pípààrọ̀ wọ inú rẹ̀, nítorí ó gbà pé iṣan ni ó yẹ kí ó borí, kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀rọ. Paul de Vivie ti Saint-Étienne, tí wọ́n ń pè ní Vélocio, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti ta ko irú èrò bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn eléré a máa sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, wọn a yọ táyà ẹ̀yìn, wọn a yí i padà, nítorí irin eléyín wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ní ọdún 1936 ni àìsàn mú kí Desgrange fi àkóso sílẹ̀. Ní ọdún 1937, lábẹ́ Jacques Goddet, wọ́n gba irin tí ń ta ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn láàyè. Aáwọ̀ yìí ni ẹ ó tún gbọ́ ohùn rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ bá mi kálọ sí Marin, ní àríwá San Francisco ní Kalifọ́níà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ ń ṣa àwọn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn jọ, irú èyí tí ilé iṣẹ́ náà ti ń fi táyà kìǹbà sí láti ọdún 1933. Ó wúwo, jíà kan ni ó ní, bí a bá sì fẹ́ dá a dúró, ẹ̀yìn ni a ó yí pẹ́dà sí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, Charlie Kelly ṣètò eré àkọ́kọ́ níbi ọ̀nà kan lórí Pine Mountain, lẹ́bàá Fairfax, tí ó lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,300 láàrin nǹkan bí máìlì 2. Ìjánu náà a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ ń jó di èéfín, wọn a sì ní láti tú u, kí wọ́n di gíríìsì tuntun sí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà ní Repack, èyí tí ó túmọ̀ sí àtúndì. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń dé òkè? Wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ni, tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 1974, àwọn kan láti Cupertino ti gbé kẹ̀kẹ́ oníjíà púpọ̀ wá sí ibi eré kan ní Mill Valley, àwọn ará Marin sì rí i. Gary Fisher fi jíà sí tirẹ̀. Joe Breeze ṣe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Fisher àti Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1979, Tom Ritchey sì ń bá wọn ṣe egungun kẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1981, Stumpjumper oníjíà 15 ti Specialized ti dé ọjà. Jíà ni ó sọ ohun ìṣeré ìsọ̀kalẹ̀ di kẹ̀kẹ́ òkè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan ní àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀ sí í tú jíà kúrò, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n tú kúrò. Ohun tí ó fún un lórúkọ ni.

Iṣẹ́ títú náà kò le lójú, ṣùgbọ́n mo ti fi ọwọ́ mi ṣe é, mo sì rí ohun tí ìwé kì í sọ. A ó yọ okùn wáyà àti irin ìpààrọ̀, a ó fi irin eléyín ẹyọ kan rọ́pò ọ̀wọ́ tí ó wà lẹ́yìn, a ó sì fi òrùka irin há a sí ibi tí ṣéènì yóò ti tọ́ gbọnrangandan. Ìṣòro tí ó kù ni ṣéènì tí ó dẹ̀. Lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ojú ihò tí a ń de táyà ẹ̀yìn mọ́ nà sẹ́yìn, a lè fa táyà títí ṣéènì yóò fi le. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníjíà, ihò náà dúró lóòró, táyà kò sì ṣe é fà. Àfi kí a so apá irin kékeré kan mọ́ ọn tí yóò máa tẹ ṣéènì. Egungun kẹ̀kẹ́ náà ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní ti gígùn rẹ̀, a kì í jókòó gun òkè. Ènìyàn yóò dìde lórí pẹ́dà, yóò sì ti kó eré jọ kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè, nítorí bí eré bá kú ní ààrin, ilẹ̀ ni ó kù tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ a máa yí bíi ti ìrànwú, kẹ̀kẹ́ kò sì ní yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilẹ̀ láti òkèèrè. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ di ẹgbẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ní ìdíje àgbáyé, níbi tí a ti ń fín àmì sí ara ẹni tí ó bá borí. Inú Desgrange ì bá dùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé ṣé tuntun ni èyí fún wa. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn baba wa gùn lọ sí oko kòkó, tí ẹlẹ́mu so agbè mọ́, tí olùkọ́ iléèwé gùn láti abúlé dé abúlé, jíà kan ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ní. N kò fara mọ́ kí a pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní aṣáájú fún eré ìdárayá Kalifọ́níà. Ẹni tí ó tú jíà kúrò ní jíà tí yóò tú. Àgbẹ̀ tí ó sọ̀ kalẹ̀ tí ó ti ẹrù rẹ̀ gun òkè Èkìtì kò yan ohunkóhun. Ohun tí owó rẹ̀ ká ni ó gùn, tí atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìtòsí sì lè fi sípánà kan tún ṣe. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yan ọ̀nà àti ẹni tí kò ní òmíràn kò rin ìrìn kan náà, bí ẹsẹ̀ wọn tilẹ̀ bára mu lórí ilẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí Breeze ṣe ní ọdún 1977 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Nílé níhìn-ín, àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe àgbà kan ṣì wà láàyè tí ọwọ́ wọn mọ bí a ti ń fa táyà ẹ̀yìn kí ṣéènì le, tí wọ́n mọ ẹrù tí ó ń ṣẹ́ egungun kẹ̀kẹ́ àti òkè tí kò gba gígùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí, kí ó wá rí mi lẹ́yìn ìjókòó yìí. Mo ti kọ àdúgbò tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.