Alùpùpù Àtijọ́ ní Agbo Ilé Ṣábẹ: Ogún Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Tún Ṣe

Bí wọ́n bá dárúkọ ogún ní Ṣábẹ, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn ni adé, ìlẹ̀kẹ̀, ìlù ààfin, oríkì àti àwọn òkè tí ìlú fi ṣe odi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí, nítorí pé Oníṣábẹ wà lára àwọn ọba tí Samuel Johnson kà mọ́ ọmọọmọ Odùduwà nínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò kà sí ogún rárá: alùpùpù bàbá tàbí ti bàbá àgbà, tí eruku ti bò ní kọ̀rọ̀ ilé, tí adìyẹ sì ń yé ẹyin sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn, owó díẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kó irú rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń kó lọ ju irin lọ.

Láti orí ẹṣin dé orí alùpùpù

Ní Ṣábẹ, ohun ìgùn àti ọlá kì í rìn jìnnà síra. Ìdílé ọba tí ń tọ́ka sí Baba Gidai gẹ́gẹ́ bí baba ńlá wọn tan mọ́ ìhà Borgu, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ àmì ìjòyè lọ́dọ̀ àwọn Wasangari. Nígbà tí àwọn Faransé gba ilẹ̀, ojú irin ni wọ́n fi so ìlú mọ́ etí òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1911, ọkọ̀ ojú irin láti Cotonou dé Ṣábẹ, ìrìn bí 260 kìlómítà. Ibẹ̀ ni ojú irin náà parí sí fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ kí ó tó dé Parakou. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ṣábẹ ni èrò àti ẹrù tí ń lọ sí òkè ti ń sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò wọ oko. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni ó kọ́kọ́ gbé àgbẹ̀ dé ìdí iṣu àti òwú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni Mobylette dé. Ilé iṣẹ́ Motobécane ní ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mobylette ní ọdún 1949: ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò pé 50 sẹ́ńtímítà oníhà mẹ́ta, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wà bíi ti kẹ̀kẹ́. Ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ń sọ èdè Faransé, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba ni a sábà ń bá lórí rẹ̀, ṣáájú òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gùn ún wọ àdúgbò ti fi hàn pé òun ń gba owó oṣù. Peugeot 103 tẹ̀ lé e ní ọdún 1971, Yamaha Mate láti ilẹ̀ Japan sì dé lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè dojú dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí àwọn ilé ìfowópamọ́ wó, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń retí owó oṣù tí kò dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ alùpùpù di ọkọ̀ èrò. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí àwọn Fọn ń pè ní zemidjan, èyíinì ni “gbé mi kíákíá”, ṣe gbilẹ̀. Ohun tí ó ti jẹ́ àmì owó oṣù wá di ohun tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìtàn yìí wà lára irin náà fún ẹni tí ó bá lè kà á: ìjókòó tí wọ́n fà gùn kí èrò lè jókòó, irin ẹ̀yìn tí wọ́n jó pọ̀ kí ó lè gbé àpò kajú, ibi tí ẹsẹ̀ ti fá ọ̀dà kúrò.

Àtúnṣe nínú ilé

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà tuntun bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin rẹ̀, kí ó sì béèrè ìwé ọkọ̀ náà nínú àpótí àwọn àgbà. Kí ó gba ìyọ̀ǹda ẹbí pẹ̀lú, nítorí ogún ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gan, kí ó má ṣe fi òòlù lù ú. Kí ó tú púlọ́ọ̀gì, kí ó kán ọ́ìlì sí ojú ihò rẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó tó rọra yí i. Epo tí ó ti pẹ́ máa ń di oje nínú kabúrétọ̀. Atẹ́gùn ni kí ó fẹ́ sí ojú ihò tín-ín-rín inú rẹ̀, kì í ṣe wáyà, nítorí wáyà a máa sọ ihò náà di ńlá. Ìpata inú táǹkì a máa bọ́ bí wọ́n bá da òkúta wẹ́wẹ́ àti kẹrosíìnì sí i, tí wọ́n sì mì ín dáadáa. Pọ́íǹtì iná ń fẹ́ fífá díẹ̀, àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 0.4 mìlímítà. Sàláńsà náà ní láti tú, nítorí èédú ọ́ìlì tí ó jó máa ń dí i, ẹ́ńjìnnì a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ewu tí ó tóbi jù lọ wà nínú epo. Àwọn alùpùpù Ṣáínà tí ó kún ìgboro lónìí ní ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wọn. Mobylette kò ní. Inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń po ọ́ìlì rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é là sílẹ̀. Yamaha Mate ní táǹkì ọ́ìlì tirẹ̀, ó sì ń fà á fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò da epo lásán sínú Mobylette bàbá rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí písítìnì yóò fi gan pátápátá. Àwọn àgbà mẹkáníìkì ni ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù

Àwọn kan yóò ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tuntun lé e kí ó lè ṣiṣẹ́. Yóò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́rìí mọ́. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú ògbólógbòó náà sínú agolo pẹ̀lú àkọlé. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni ẹ̀rí pé a ti lo ayé.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Benin, àwọn ohun tí ọmọ ogun Dodds kó ní Abomey ní ọdún 1892. Ọdún 129 ni wọ́n fi wà lájò, síbẹ̀ wọ́n padà wálé nítorí pé ẹni tí ó kó wọn tọ́jú wọn. Irin tí wọ́n tà fún oníirin àlòkù, inú iná ni yóò bá lọ. Kò sí ìjọba tí yóò dá a padà. Ìdílé Ṣábẹ tí ó bá ní ọ̀kan nílé, kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó rà á, ọdún tí ó rà á àti iṣẹ́ tí ó fi ṣe sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó lè sọ ọ́ ṣì wà láàyè.