Ilé Tó Wó, Ilé Tó Dúró

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinúbú, l'Ékòó. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí i, lẹ́yìn tó ti di òkìtì àlàpà. Ilé Àgùdà ni. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé wó o. Ọdún 60 ló fi wà lábẹ́ òfin yẹn. Síbẹ̀, wọ́n wó o.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Nínú ọgbà Rélùwéè, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí ìjọba amúnisìn kọ́ ní 1898, nígbà tí wọ́n ṣì ń la ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Jaekel House ni wọ́n ń pè é báyìí, ní ìrántí Francis Jaekel, ọ̀gá Rélùwéè tó kọ ìtàn ojú irin Nàìjíríà sínú ìwé mẹ́ta. Ilé yìí náà ti ń bàjẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, dìde sí i, ayàwòrán-ilé John Godwin náà bá wọn dá sí i, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010. Ó wá di mùsíọ́mù tí wọ́n kó àwòrán àti irinṣẹ́ Rélùwéè àtijọ́ sí. Àwọn èèyàn ń lọ ya fọ́tò níbẹ̀.

Kí ló mú kí ìkan wó, kí ìkejì dúró? Ìkan wà lọ́wọ́ àjọ ìjọba. Ìkejì wà lọ́wọ́ ìdílé, láàárín Èkó níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú. Tí òfin bá sọ fún ìdílé pé "ẹ má wó o," tí kò sì sẹ́ni tó máa bá wọn ra paánù, ta ni ká dá lẹ́bi? Ìwé ìkéde ò lè dí òrùlé tó ń jò. Ilé tó níṣẹ́ tó ń ṣe, tó sì lẹ́ni tó ń gbá a, ló ń dúró.

Àwọn kan á ní ilé amúnisìn ni Jaekel House, kí la fẹ́ fi ṣe? A gbọ́. Òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé inú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ló fi òógùn ojú wọn ṣe ojú irin tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ ọ. Tí ilé náà bá lọ, ibo la máa mú ọmọ dé ká tó sọ ìtàn yẹn fún un?

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lóòótọ́, ilé tuntun lè lẹ́wà ju ti àná lọ. Ọjọ́ orí nìkan ni kò sí kọ́ńtírakítọ̀ tó lè kọ́ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ilé àtijọ́ wo ló wà ládùúgbò yín? Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà. Ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ wọlé síbẹ̀, kó tó di pé orí fóònù la ti máa rí òkìtì ẹ̀.