Ojú àpá méjì lára dáṣíbọ́ọ̀dù bàbá àgbà mi, àti ọjọ́ tí Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ọkọ̀ MGB kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìdànrè, lábẹ́ tapólì. Ọkọ̀ eré ni, ìjókòó méjì péré ló ní. Bàbá àgbà mi ló ni ín. Pákó ni dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Lápá ọ̀tún pákó náà, ojú àpá méjì wà níbẹ̀, róbótó róbótó, tí àwọ̀ wọn mọ́ ju ìyókù lọ. Láti kékeré la ti rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ọdún yìí ni mo tó mọ ohun tó fà á.

2/ Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé ìlú kòkó ni Ìdànrè. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba ló ń dá iye tí wọ́n ń ra kòkó, bàbá àgbà sì wà lára àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń kó o lọ fún wọn. Owó kòkó yẹn náà ló kọ́ Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965. Ti bàbá ò tó bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ó tó ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé.

3/ MG yẹn, Morris Garages ni, láti ìlú Oxford ni orúkọ ti wá. Abingdon ni wọ́n ti ń ṣe MGB, láti 1962 títí di 1980. Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ, torí náà wọ́n ń ṣe ti sítíárìn ọ̀tún, wọ́n sì ń ṣe ti sítíárìn òsì. Ti bàbá, ọwọ́ ọ̀tún ni, torí ọwọ́ òsì títì ni Gẹ̀ẹ́sì ní ká máa gbà nígbà náà.

4/ Ẹ gbọ́ ná, kí ló ń jẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an? Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ni orúkọ yẹn ti wà. Pákó tí wọ́n ń kàn síwájú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni, kí ẹrẹ̀ tí pátákò ẹṣin bá ta má baà kan ẹni tó jókòó. Ẹṣin lọ, ẹ́ńjìnnì dé, pákó ò lọ. Wọ́n wá ń kó mítà sí i lára.

5/ Dáṣíbọ́ọ̀dù MGB ìgbà yẹn, irin ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú tó rí hánran-hànran bí awọ àgbà. Bàbá àgbà ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti rí pákó dídán nínú ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ìjọba, òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ló bá gbé ọkọ̀ lọ bá káfíńtà kan ní Àkúrẹ́.

6/ Káfíńtà, fún ọkọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn káfíńtà wa ti ń ṣe ara ọkọ̀ tipẹ́. Ẹ rántí bọ̀lẹ̀kájà. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin abẹ́ rẹ̀ ló máa ń ti òkè òkun wá, àwọn káfíńtà nílé níbí ló ń fi pákó kan ilé lé e lórí: bẹ́ǹṣì, òrùlé, gbogbo rẹ̀. Ojú èrò ń ko ojú, orúnkún ń gbá orúnkún, ìjà ò jìnnà. "Bọ́ọ́lẹ̀ ká jà!" Ibẹ̀ lorúkọ ti wá.

7/ Ẹni tó kan ilé sórí lọ́rì, kí ni pákó kékeré kan máa ṣe fún un? Igi apá ló lò, igi tó le, tó pupa. Ó fi páálí wọn ojú irin ti tẹ́lẹ̀, ó rẹ́ pákó bá a mu, ó gbẹ́ ihò fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ihò ńlá méjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, níwájú awakọ̀: ọ̀kan fún mítà eré, ọ̀kan fún mítà tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Ó fi sáńpépà ra á, ó fi fánííṣì kùn ún. Ọdún 1968 nìyẹn. Wọ́n ní gbogbo àdúgbò ló wá wò ó.

8/ Ó wá di 1972. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Dàhòmì wà lápá kan wa, Niger lókè, Chad àti Cameroon lápá kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Àwa nìkan la wà láàárín tí à ń gba òsì. Bó o bá ti Ìdí-Ìrókò kọjá sí Dàhòmì, àfi kó o yáa sọdá sí ọwọ́ kejì títì. Ìjọba Gowon ní ó tó gẹ́ẹ́.

9/ Àwa kọ́ la bẹ̀rẹ̀ o. Gambia ti yí padà ní 1965. Sweden yí tiwọn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1967. Sierra Leone ṣe tiwọn ní oṣù kẹta 1971. Ghana tẹ̀lé wa ní oṣù kẹjọ 1974. Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa ní òsì ṣì wà lọ́wọ́ òsì títí dòní.

10/ Ọjọ́ tiwa ni ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Ẹ lọ wo kàlẹ́ńdà: Sunday ni, ọjọ́ Àjíǹde gan-an. Ìyá àgbà mi, tó ṣì wà láàyè, dúpẹ́, ní báwọn ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ làwọn ọmọ ń pariwo "Ọ̀tún! Ọ̀tún!" sí gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá. Ó ní ńṣe làwọn awakọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru ẹyin.

11/ Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé: òfin yí títì padà, kò yí sítíárìn padà. Bàbá jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún títì. Tó bá fẹ́ kọjá lára lọ́rì tó wà níwájú, kò lè rí iwájú àfi tí gbogbo ọkọ̀ bá ti yọ sáàárín títì tán. Ìgbà yẹn, ó lè ti pẹ́ jù.

12/ Ta ló wá ń bá a wò ó? Ìyá àgbà. Òun ló jókòó sọ́wọ́ òsì. Á yọ orí, á wo iwájú, á ní "Dúró" tàbí "Máa lọ." Oṣù bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ báyìí: ẹnì kan mú sítíárìn, ẹnì kejì ni ojú.

13/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, ẹ mọ bí àpáta ṣe ń bo kọ́nà. Lọ́jọ́ kan, lọ́rì onígẹdú kan wà níwájú wọn. Ìyá yọ orí, ó ní "Máa lọ." Bàbá yọ. Lọ́rì mìíràn sì yọ ní kọ́nà, ó ń bọ̀ tààrà. Bàbá já wọnú igbó lápá òsì. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ọwọ́ ìyá fi ara pa níbi pákó dáṣíbọ́ọ̀dù, àpá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

14/ Èyí tí wọ́n ń sọ fún wa nílé láti ọjọ́ yìí ni pé ìjọba ló fipá mú bàbá kó gbé sítíárìn sí òsì. Bàbá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, á tún bú ìjọba mọ́ ọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

15/ Ó gbé ọkọ̀ lọ fún mẹkáníìkì ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ńlá ni: sítíárìn, bíréèkì, kọ́lọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló máa sọdá. Wáyà mítà eré gan-an ní láti gba ibòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé pákó padà sọ́dọ̀ káfíńtà. Ìyẹn gbẹ́ ihò méjì tuntun sápá òsì, ó sì fi igi arère dí méjì àtijọ́. Arère funfun, apá pupa. Ojú àpá méjì tẹ́ ẹ rí nìyẹn.

16/ Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwájú. Mini tó jáde ní 1959, àárín ni mítà rẹ̀ wà. Land Rover àtijọ́, àárín ni. Triumph Spitfire, tó jáde ní 1962 bíi MGB, àárín ni wọ́n kó mítà sí, kó lè rọrùn láti ṣe ti òsì àti ti ọ̀tún. Ká ní Spitfire ni bàbá rà ni, kò ní sí ihò kankan láti dí.

17/ Nígbà tó di 1975, Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, sítíárìn òsì ni gbogbo wọn. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Tòkunbọ̀ láti London ṣì ń wọlé, sítíárìn ọ̀tún, àwọn mẹkáníìkì wa sì ń gé dáṣíbọ́ọ̀dù wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn kan mọ iṣẹ́ yẹn dọ́ba. Àwọn mìíràn, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

18/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Bàbá àgbà kú lọ́dún tó kọjá. Ẹbí ní ká tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Bọ̀ọ̀dá mi ti Èkó dé, wọ́n ní ká yọ pákó dànù, ká fi èyí tó dúdú tó ń dán, ká fi sìkíríìnì ńlá sí àárín. Èmi ní rárá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà.

19/ Kí n má parọ́, wọ́n ní ẹjọ́ tiwọn. Pákó le. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀ ní 1966, MGB tó ń lọ sọ́hùn-ún láti 1968, tìmùtìmù ni wọ́n fi bo dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kí orí èèyàn má baà fọ́. Àpá ọwọ́ ìyá àgbà, ẹ̀rí ni. Àmọ́ lórí sìkíríìnì, mo ní ẹ̀sùn: MGB tó ṣáájú ìparí 1967, ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, òdìkejì ti òde òní. Ẹ so sìkíríìnì mọ́ ọn láìmọ̀, èéfín lẹ máa rí.

20/ Ibi tí à ń jiyàn dé nìyẹn, tá a ti tú pákó sílẹ̀ sórí ẹní, tí ìyá àgbà fi jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n fi ìka tọ́ ojú àpá méjèèjì. Wọ́n ní, "Èmi ni mo fa èyí."

21/ A ní "Ẹ̀yin bíi báwo, Mama? Ṣebí ìjọba ni?" Wọ́n mi orí. "Ìjọba kankan ò wá síbí. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ l'Ákùúrẹ́ ń wa ti ọ̀tún wọn lọ fún ọdún pípẹ́. Èmi ni mo ní kó máa lọ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará ilé bàbá yín ìbá pè mí ní ẹni tó fẹ́ pa ọmọ wọn. Ó ní òun ò ní sọ fún ẹnì kankan. Ìjọba ló di ẹrù yẹn rù."

22/ Àádọ́ta ọdún ó lé. Ọkùnrin yẹn ń bú Gowon nítorí ìyàwó rẹ̀. A dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́kọ́ bi wọ́n pé, "Mama, ṣé ká bò ó mọ́lẹ̀?" Wọ́n ní, "Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bò mí láṣìírí ti lọ, kí lẹ tún ń bò?"

23/ Bá a ṣe ṣe é nìyí, fún ẹni tó bá ní irú rẹ̀. A yọ mítà, a fi bébà lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. A fi sáńpépà ra fánííṣì àtijọ́, 120, lẹ́yìn náà 240, lẹ́yìn náà 400, a ń tẹ̀lé ojú igi, a ò dábùú rẹ̀. A fi ìyẹ̀fun igi apá po gúlúù dí ibi tó sán. Fánííṣì ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ọjọ́ kan láàárín, nínú yàrá tí eruku ò wọ̀. A ò kun àwọ̀ kankan sí arère. Ó tún funfun sí i.

24/ Sìkíríìnì ò wọlé. Bẹ́líìtì ìjókòó wọlé, ìyẹn ni bọ̀ọ̀dá mi fi borí. Ó tọ́ sí wọn.

25/ Òkè Ìdànrè wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àwọn baba wa sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ láyé òyìnbó, wọn ò wó ààfin àtijọ́. Àtẹ̀gùn tó lé ní ẹgbẹ̀ta lèèyàn máa gùn kó tó rí i, ó ṣì wà níbẹ̀.

26/ Ẹ̀bẹ̀ mi kan rèé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn ti lé ní àádọ́rin báyìí. Ẹ pe àgbà kan nílé yín lónìí, ẹ bi wọ́n pé: "Níbo lẹ wà lọ́jọ́ tí títì yí padà?" Ẹ má dá wọn lóhùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.